Lacock ò ṣẹ̀ wá, àwọn tó gbé wa lọ ló ṣẹ̀ wá

Ìṣẹ́jú 45 ni iléeṣẹ́ tó fi bọ́ọ̀sì kó wa lọ ṣèbẹ̀wò sí abúlé Lacock fún wa. Mo san £52 lórí ara mi, mo san £52 lórí ìyá mi, mo san £38 lórí ọmọ mi obìnrin. A jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ní Thamesmead, àdúgbò wa ní London, a wọ bọ́ọ̀sì méjì àti rélùwéè kan kí a tó débi tí wọ́n ti máa kó wa, a tún wá jókòó fún wákàtí méjì ààbọ̀ lójú títì, ẹsẹ̀ ìyá mi sì ti ń wú. Bí a ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ní Lacock, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣamọ̀nà wa gbé máíìkì sẹ́nu, ó ní ká ti padà dé láàárín ìṣẹ́jú 45, pé ẹni tó bá pẹ́ á fẹsẹ̀ rìn dé London. Àwọn tó wà níwájú rẹ́rìn-ín. Ìyá mi bi mí pé kí ló wí. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣé iná la wá mú níbí ni?"

Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Mo ti kọ̀wé sí wọn, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n dá £20 padà, ọ̀rọ̀ wa ti tán. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ló wà ní ìlú òyìnbó yìí tí òbí wa ń wá kí wa látilé, tí a sì ń wá ibi tí a máa mú wọn lọ yàtọ̀ sí ọjà àti iwájú ààfin ọba. Ẹni tó bá ń ro ti Lacock, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó yọ káàdì yín síta.

Ohun tí wọ́n kọ sójú ìpolówó wọn ni pé abúlé inú fíìmù ni wọ́n ń mú wa lọ. Irọ́ kọ́. Lacock, tó wà ní Wiltshire, nítòsí Chippenham, ti ṣeré ju ọ̀pọ̀ òṣèré lọ. Ti Harry Potter ni ọmọ mi bá lọ. Èmi ń bá ti Pride and Prejudice lọ, èyí tí BBC gbé jáde ní 1995. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, ìyá kan sì wà níbi iṣẹ́ wa tó jẹ́ pé ọjọ́ Sọ́ńdè tí a ò bá fi eré yẹn sí i fún wọn, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun wọn. Mo ti bá wọn wò ó débi pé mo mọ ibi tí ẹṣin máa ti yọ. Meryton, ìlú tí àwọn ọmọge inú eré náà ti máa ń lọ wo àwọn ṣọ́jà, tí wọ́n ti ń ra fìlà àti rìbọ́ọ̀nù, Lacock ni wọ́n ti yà á.

Àdúgbò mẹ́rin péré ni gbogbo ẹ̀: High Street, West Street, Church Street, East Street. Wọ́n so kọ́ra bíi ti agbo ilé kan. Kí ẹ̀wà tó hó lórí iná, o ti yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá mi lójú pé èyí ló mú àwọn oníbọ́ọ̀sì rò pé ìṣẹ́jú 45 ti tó. Ṣùgbọ́n Lacock Abbey nìkan, ilé olókùúta ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, á gba wákàtí méjì lọ́wọ́ ẹni tí orúnkún ń dùn.

Amọ̀nà wa mọ Harry Potter bí ẹni mọ oríkì bàbá ẹ̀. Ó fi ilé kan hàn wá ní ìhà Cantax Hill, ó ní ibẹ̀ ni Slughorn, ọ̀kan nínú àwọn tíṣà inú ìtàn náà, sá pamọ́ sí nínú fíìmù kẹfà. Òótọ́ ló sọ. Gbogbo wa na fóònù sókè, èèyàn bí ọgbọ̀n, bí ìgbà tí wọ́n ń náwó fún ìyàwó. Nígbà tí a dé Church Street, ọkùnrin kan nínú wa lọ fi iwájú orí ti gíláàsì fèrèsé ilé kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ojú kó lè rí ọ̀ọ̀kán. Kọ́tìnì mì. Ìyá mi fà mí láṣọ.

"Ṣé èèyàn ń gbé inú àwọn ilé yìí ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, wọ́n háyà wọn ni.

Ìyá mi yà kúrò láàárín èrò, wọ́n kọjú sí fèrèsé náà, wọ́n ní, "Ẹ kúulé o. Ẹ má bínú sí wa." Ní Yorùbá pọ́ńbélé. Kọ́tìnì tún mì, ọwọ́ arúgbó kan yọ lábẹ́ ẹ̀, ó juwọ́ sí wọn.

Ohun tó bí mi nínú jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, ó ju ti ìṣẹ́jú 45 lọ. Láti London títí dé Lacock, máíìkì ò kúrò lẹ́nu ọmọkùnrin yẹn, kò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé ilé onílé là ń lọ, pé ká rọra, ká má ṣe yọjú wo yàrá ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kó sọ pọ̀ nílẹ̀. Kí ló dé tí àwọn onífíìmù fi ń sáré lọ síbẹ̀? Ẹ gbójú sókè. Kò sí èríà lórí òrùlé, kò sí díìsì, kò sí wáyà tó kọjá lójú sánmà, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n rì wọ́n sí. Kò sí ìlà yẹ́lò létí títì. Bí onífíìmù bá ti da iyẹ̀pẹ̀ sórí ọ̀dà, tó pààrọ̀ àkọlé ṣọ́ọ̀bù, tó ní kí wọ́n gbé mọ́tò wọn kúrò, ó ti padà sí igba ọdún sẹ́yìn. Òwò irun àgùntàn ló sọ ìlú yìí di olówó láyé àtijọ́. Nígbà tí òwò yẹn rọlẹ̀, kò sí ẹni tó ń wó ilé àtijọ́ kó lè kọ́ tuntun, ìdílé Talbot tó nilẹ̀ sì di gbogbo ẹ̀ mú lódindi. Ní 1944, Matilda Talbot fa ilé ńlá náà àti ìlú lé National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, lọ́wọ́. Àwọn ni láńlọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ibẹ̀ títí dòní, ẹni tó bá háyà lọ́dọ̀ wọn ò sì lè ṣàdéédéé gbé díìsì kọ́ òrùlé. Ẹ̀yin tí láńlọ́ọ̀dù yín ò jẹ́ kí ẹ kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri, ẹ ti rí i báyìí pé ó lérè níbòmíràn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ ìlú yìí ni pé kò sí èyíkéyìí nínú àwọn tó kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe àwọn eré yẹn tó ní Lacock lọ́kàn. Meryton tí Jane Austen kọ sínú Pride and Prejudice, ìwé tó jáde ní 1813, Hertfordshire ló fi í sí, o ò sì lè rí i lórí máàpù. Cranford tí BBC ṣe ní 2007, ìwé Elizabeth Gaskell ni, Knutsford ní Cheshire, níbi tó ti dàgbà, ló wò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí kámẹ́rà máa yí, Lacock ni wọ́n gbé aṣọ wọ̀. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí Downton Abbey, eré orí tẹlifíṣọ̀n, di fíìmù, High Street kan náà ni àwọn ológun orí ẹṣin ti yan níwájú ọba. Ó jọ Jogbo inú Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání. Gbogbo wa mọ ọba Jogbo, a mọ onílù rẹ̀, ṣùgbọ́n gáréèjì wo ni wọ́n ti ń pe "Jogbo, ẹnì kan péré"?

Mo sọ èyí fún ìyá mi nígbà tí a jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan láti sinmi ẹsẹ̀. Òkè-Igbó ni wọ́n ti wá, ìlú D. O. Fágúnwà, wọ́n sì ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ní ilé-ìwé, nígbà tí tíṣà fi ń nà wọ́n tí wọn ò bá lè kà á geere. Ọ̀rọ̀ náà yé wọn kíá. Wọ́n ní, "Ẹni tó kọ̀wé ò débí, wọ́n ń gbowó. Ìlú tí Fágúnwà ti rí igbó tó kọ sínú ìwé, kòkó là ń gbìn síbẹ̀."

Aago lù, bọ́ọ̀sì fọn fèrè. A ò wọ Abbey. Owó ìwọlé ibẹ̀ ò tiẹ̀ sí nínú owó tí a san, wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé ìpolówó ní lẹ́tà tí èèrà lè gbé. Ọmọ mi sunkún títí a fi dé Bath, ìlú kejì tí wọ́n mú wa lọ. Bath dára, a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù wa níwájú ilé Ọlọ́run ńlá kan, mi ò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú Bath. Castle Combe, abúlé mìíràn, ni ìkẹta, òjò ń rọ̀, a wò ó látinú fèrèsé bọ́ọ̀sì.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ìrìn-àjò náà. Méjèèjì, ti dẹ́rẹ́bà ni. Bàbá àgbàlagbà kan ni, kò sọ̀rọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi tí a ti dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìyá mi, ó dúró títí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì fi kanlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo gba ọjọ́ ìsinmi, a dá ara wa lọ. Bí ẹ máa ṣe lọ náà nìyí: rélùwéè láti Paddington sí Chippenham, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì tàbí takisí, nítorí kò jìnnà. Bọ́ọ̀sì ibẹ̀ ò pọ̀ bíi ti London, ẹ yẹ àsìkò rẹ̀ wò kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè yín. Owó tó lọ lórí wa kò tó ti bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, àní pẹ̀lú owó ìwọlé Abbey, a sì lo odidi ọjọ́ kan.

Obìnrin opó kan ló dá Abbey sílẹ̀ ní 1232. Ela lorúkọ rẹ̀, Countess ti Salisbury. Ọkọ rẹ̀ kú, ó kọ́ ilé fún àwọn sísítà, òun fúnra rẹ̀ sì di olórí wọn. Ọdún kẹsàn-án rèé tí bàbá mi kú, ìyá mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn dá ọ̀rọ̀ ọkọ sílẹ̀. Nígbà tí mo ka ìtàn Ela fún wọn, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n sọ: "Ó gbọ́n."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ olókùúta tí àwọn sísítà ń rìn ni wọ́n lò fún ilé-ìwé Hogwarts nínú fíìmù Harry Potter àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 2001. Ọmọ mi kó ọwọ́ sínú apá kóòtù, ó ń rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ òrùlé yẹn bí ẹni tó pẹ́ dé kíláàsì. Nínú yàrá kan tí wọ́n fi ṣe kíláàsì Quirrell, tíṣà kan nínú fíìmù náà, ìkòkò ràgàjì kan jókòó lórí òkúta. Ọmọ mi gbà pé àwọn onífíìmù ló gbé e wá. Ìyá òyìnbó tó ń ṣọ́ yàrá náà ní rárá, ìkòkò yìí ti wà láti 1500, fíìmù ló wá bá a níbẹ̀. Ìyá mi yí i ká. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n wo etí rẹ̀. Wọ́n ní odidi àpò ìrẹsì kan á se nínú ẹ̀ láìkún, wọ́n sì bi mí pé ṣé wọ́n máa ń yá èèyàn fún ìnáwó.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù wà lókè, nínú gbọ̀ngàn kan tó gùn. Fèrèsé kan wà níbẹ̀ tó yọ síta bí ikùn aláboyún, gíláàsì wẹ́wẹ́ ló kún un. Ní oṣù August 1835, William Henry Fox Talbot, tó ń gbé inú ilé náà, gbé àpótí pákó kékeré kan, kámẹ́rà rẹ̀ nìyẹn, kọjú sí i. Àwọn àpótí rẹ̀ kéré débi pé Constance, ìyàwó rẹ̀, máa ń pè wọ́n ní pańpẹ́ eku. Ohun tí pańpẹ́ náà mú lọ́jọ́ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ju sítáǹbù lẹ́tà lọ, òun sì ni négátíìfù tó pẹ́ jù lọ tó ṣì wà láyé. Talbot kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, èèyàn lè fi awò ka àwọn gíláàsì inú rẹ̀, bí igba. Bradford ni ojúlówó rẹ̀ wà báyìí, ṣùgbọ́n fèrèsé náà ò kúrò níbi tó wà.

Ọmọ mi ní kí ni négátíìfù. Ọmọ ọdún 11, inú fóònù ló bá fótò. Mo la ẹnu, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi ló dá a lóhùn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ṣègbéyàwó, fótò mẹ́fà péré lowó àwọn ká, ṣùgbọ́n onífótò kó négátíìfù fún wọn nínú àpòòwé. Tí ilé bá dá, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á na án sí oòrùn lójú fèrèsé. Aṣọ funfun ìyàwó á dúdú kirikiri. Ojú ìyàwó á funfun báláú bíi ti iwin. Eyín bàbá mi, tó ń ṣẹ́jú tó ń rẹ́rìn-ín, á dúdú bí èédú. "Bàbá ẹ àgbà á ní, 'Bí a ṣe máa rí lọ́run nìyí, ìyàwó.'" Wọ́n na ìka méjì sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé Talbot, bí ẹni mú nǹkan pẹlẹbẹ kan dání. Ọmọ mi súnmọ́ ọn, ó di ojú kan, ó wo àárín ìka wọn.

Gbogbo fíìmù tí wọ́n ti yà ní Lacock, inú pańpẹ́ eku yẹn ni baba ńlá wọn ti jáde. Amọ̀nà wa tó sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì ààbọ̀ ò dárúkọ rẹ̀.

A jẹun ọ̀sán ní The George Inn, ilé ọtí tí ìtàn rẹ̀ ti wà láti 1361. Ọbẹ̀ òyìnbó tí mo gbà fún ìyá mi gbóná, kò ta, wọ́n sì mọ̀ pé kò ní ta, wọ́n ti kó ata gígún wá nínú báàgì. Ẹ má jókòó síta. Ẹ wọlé, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ààrò. Àgbá onípákó kan wà níbẹ̀, bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere, lókè ní ara ògiri. Ajá ni wọ́n máa ń fi sínú ẹ̀ láyé ọjọ́un. Bí ajá bá ti ń rìn nínú ẹ̀, àgbá á máa yí, irin tí wọ́n fi gún ẹran sórí iná náà á máa yí, ẹran á jinná yí ká. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún ìyá mi, ọmọ Oǹdó. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Lọ́dọ̀ tiwa, ajá là ń yí lórí iná. Àwọn tibí ní kí ajá wá yí ẹran."

Ẹ̀rín pa mí débi pé ọbẹ̀ gba imú mi. Tọkọtaya òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí n sọ fáwọn ohun tí ìyá sọ. Mo ní ẹ má ṣèyọnu.

Nígbà tí a ń padà síbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró, a kọjá níwájú ilé kan tí wọ́n to ìgò jáàmù sórí tábìlì kékeré lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú agolo tí wọ́n dá lu níbi ìdérí. Kò sí ẹni tó jókòó tì í. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye rẹ̀ sára pákó: £3. Ọmọ mi ní wọ́n á jí gbogbo ẹ̀ lọ tó bá jẹ́ Thamesmead. Ìyá mi ò gbọ́ tiẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo tábìlì yẹn bí ẹni rí ará ilé.

Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, bí ìyá àwọn bá ń lọ sóko, wọ́n á to ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà lókìtì-lókìtì, wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ tì í. Òkúta mẹ́ta, kọ́bọ̀ mẹ́ta. Èrò tó ń lọ á mú ọsàn, á fi tọ́rọ́ síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ ni wọ́n á kó owó wọn. Mo ti ń gbọ́ ìtàn ìyá ìyá mi láti kékeré, mi ò gbọ́ èyí rí.

A ju £3 sínú agolo, a mú ìgò kan. Mo ti lọ síwájú kí n tó rí i pé ìyá mi ò tíì tẹ̀lé wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn, wọ́n ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta létí títì, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n tò ó síwájú àwọn ìgò tó kù.